Adìẹ Ń Làágùn, Ìyẹ́ Ni Kò Jẹ́ Ká Mọ̀

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ti jinlẹ̀ tó, kó dúró ní Boundary l'Ékòó láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Léèsì ń dán, gèlè dúró sán-ún, àwọn aláṣọ funfun ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ sí Sẹ̀lẹ́. "Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi o. Ṣé dáadáa ni?" "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ti dára." Lábẹ́ gèlè yẹn, owó ilé ti wọ oṣù mẹ́jọ, wọ́n ti lé ọmọ kan wálé nítorí owó ilé-ìwé, ata tí wọ́n sì kó sọ́jà lọ́jọ́ Ẹtì ti ń rà nílé.

Ojú àwọn ará ibẹ̀ ti rí nǹkan. Apapa ni ọkọ̀ ojú omi ń já ẹrù sí, Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ru ẹrù náà ń sùn, Boundary ló sì wà láàárín méjèèjì. Ohun tó bá ṣe èbúté kì í pẹ́ dé orí àtẹ ọjà. Nígbà tí tírélà àti táńkà dí ọ̀nà Apapa pa, tí awakọ̀ ń sùn sójú títì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, iléeṣẹ́ púpọ̀ kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀, oníbàárà tó máa ń ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì kó tó wọṣẹ́ sì di àwátì. Kónílé-ó-gbélé Kòrónà tún dé ní 30 oṣù Kẹta 2020, ó bá ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá pa lónìí ló ń jẹ lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, owó náírà fúnra rẹ̀ wọ́n bí ojú. Ata wà, ẹni tó fẹ́ rà á wà, owó tí wọn yóò fi ná an ni kò sí. Lẹ́yìn náà ni ìjọba kéde ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí jálá bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà l'Ékòó sáré sún mọ́ 500 láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan. Owó kẹ̀kẹ́ lọ sókè, owó oúnjẹ tẹ̀lé e. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ìgbàgbọ́ kò ní ká purọ́ fún ẹni tó bi wá pé ṣé àlàáfíà ni. Ẹni tó ní ó dára nígbà tí kò dára kò tíì jẹ́rìí Ọlọ́run. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn ló ń tì mọ́ ẹni tí Ọlọ́run rán sí i. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Hánà sunkún nínú ilé Olúwa débi tí Élì fi rò pé ó ti mutí yó, kò sì tijú láti ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é. Jóòbù sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ kíkorò, Ọlọ́run kò torí ẹ̀ kọ̀ ọ́.

Ẹ wo Èlíjà náà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá orí Òkè Kámẹ́lì, ó sá wọ aginjù lọ, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì dé, kò bá a wí, kò wàásù fún un. Àkàrà orí ẹyín iná àti omi ló gbé kalẹ̀. Wòlíì jẹun, ó mumi, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i pé kó jẹun sí i. Ìgbà yẹn ni ìrìn ogójì ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Mo ń sọ èyí nítorí pé a ní ará tó ń fi ààwẹ̀ bo ebi. Wọ́n á ní àwọn ń gbàwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, bẹ́ẹ̀ ìkòkò ló gbẹ. Ààwẹ̀ ṣe pàtàkì, àìsùn náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ara tó gbé igbá kiri láti òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun kó sì sùn, kó tó lè rí okun gbàdúrà.

Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí gbogbo wa ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Bíbélì Yorùbá, kò bo ìrora ọkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó di ará Sàró, ó ṣèrìbọmi ní 1825. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nígbà tí òun wà lóko ẹrú, òun gbìyànjú láti pa ara òun. Ẹni tó kọ èyí sínú ìwé ló di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ó ti rí ìyá rẹ̀ padà l'Ábẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún tó lé ní ogún. Nítorí náà, ẹni tí èrò àtipa ara rẹ̀ bá ń wá sí lọ́kàn lónìí, kó má rò pé Ọlọ́run ti kọ òun. Kó sọ fún ẹnì kan kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kó sì jẹ́ kí wọ́n sin òun lọ sí ọsibítù ìjọba tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Yábà. Àdúrà àti dókítà kì í bára wọn jà.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ńkọ́? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, kékeré àti ńlá. Kí ọjọ́ tó pé ni kí ẹ ti lọ bá ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ń wá yín kiri Malu Road. Ẹ má yá gbọ́mú-lé-láńtà san gbọ́mú-lé-láńtà. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ayánilówó orí fóònù, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù ẹni. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àjọ kékeré tí kò dáwọ́ dúró sàn ju ẹ̀jẹ́ ńlá lọ. Èmi ò sì rí i pé ó yẹ kí ìjọ kankan gba ojú owó lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ gbèsè ní orúkọ irúgbìn.

A máa ń fi agbábọ́ọ̀lù Odion Ighalo ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀, ó sì tọ́. Orí pápá Maracana níbẹ̀ ló ti gbá bọ́ọ̀lù dàgbà. Wọ́n bú u gidigidi nígbà tó pàdánù góòlù níwájú Ajẹntínà ní Ife Àgbáyé 2018. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òun ló gbá góòlù jù lọ ní Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, márùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbàdúrà tó tirẹ̀, tí wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá kan náà, ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́. Ìgbàgbọ́ wọn kò kéré sí tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oríire wọn ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin alàgbà, ẹ wo ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn láìpẹ́ yìí, tó ń rọra jáde kí wọ́n tó gbé igbá ọrẹ. Ẹ má pe orúkọ rẹ̀ nínú ìkéde, ẹ má ya fọ́tò. Kí ẹni méjì péré lọ sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ìrẹsì kóńgò méjì àti ìgò òróró kan, kí wọ́n gbàdúrà ṣókí, kí wọ́n sì bá a jókòó ti ìwé gbèsè rẹ̀ títí wọn yóò fi mọ èyí tí ìjọ lè bá a san.