Ẹ Pè É ní Bọ̀dá

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ ti kóra yín jọ, pé ẹ fẹ́ máa lọ bá àwọn tí àìsàn ọpọlọ ti sé mọ́lé ládùúgbò wa ṣọ̀rẹ́, láti Ọ̀yìngbò títí dé Adékúnlé, àti pé àwọn kan nínú yín yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àánú nìkan ni ẹ gbé lọ́wọ́, ẹ jókòó ná kí n bá yín sọ̀rọ̀.

Àwa ará Èbúté Mẹ́ta kò lè sọ pé a ò mọ àìsàn yìí. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábà kò jìnnà sí wa; ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá le yóò fẹsẹ̀ rìn ín. Ọdún 1907 ni ìjọba òyìnbó ṣí i, ibi tí wọ́n ń há wèrè mọ́ sì ni nígbà náà, kì í ṣe ibi ìwòsàn. Ó ti di ilé ìtọ́jú gidi tipẹ́, síbẹ̀ “Yaba Left” ṣì ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nínú dánfó. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Gbogbo àdúgbò ló ń wòran, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń sunkún nínú yàrá.

Ohun tí mo rí pé àìsàn yìí ń tètè gbà lọ́wọ́ èèyàn ni ipò rẹ̀ láàárín ẹbí. Ẹni tó ti lé láàádọ́ta ọdún, ọmọ ọdún mẹ́wàá á máa pe orúkọ rẹ̀ gbàǹgbà, kò ní fi bọ̀dá ṣáájú. Àbúrò rẹ̀ á máa jágbe mọ́ ọn. Wọ́n á pín ogún bàbá rẹ̀, wọn ò ní pè é. Wọ́n á sọmọ lórúkọ nínú ilé kan náà, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má baà dójú tì wọ́n lójú àlejò. Oògùn dókítà lè mú kí ohùn tó ń gbọ́ létí dákẹ́, àmọ́ kò sí oògùn tó lè dá bọ̀dá padà sẹ́nu ọmọ aládùúgbò. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn. Bí ẹ bá débẹ̀, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀: “Ẹ káàsán, bọ̀dá mi.” Bó bá jẹ́ abiyamọ ni, ẹ fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. (Ẹ kọ́kọ́ bi ará ilé o. Àwọn kan wà tí wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.) Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò èyí tó ń pe àwọn aláìsàn yìí ní wèrè láti ayé òyìnbó. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin kì í kí èèyàn láàárọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, ti rí i tipẹ́ pé aláìsàn nílò ipò láàárín èèyàn. Ní 1954, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ó fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, láti máa dáná, láti máa fọṣọ. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n á padà sáàárín àwọn tó ń roko, tó ń ṣe ìnáwó. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn ará abúlé gba owó ilé. Wọn kì í ṣe aláàánú. Onílé àti ayálégbé ni wọ́n, olúkúlùkù ló ní ohun tó ń fún ẹnì kejì.

Nítorí náà, bí bọ̀dá yín bá ra píọ́ wọ́tà fún yín, ẹ mu ún. Bó bá rán yín ní gààrí nísàlẹ̀, ẹ sáré lọ, ẹ kó ṣéńjì fún un. Ó ti pẹ́ tó ti rí ọmọ rán níṣẹ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ìyá àgbà tí Dókítà Dixon Chibanda fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní Harare láti ọdún 2006, tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn aráàlú, wọ́n kọ́ wọn ni, àìsàn àwọn tó ń wá bá wọn ò sì le tó èyí tí ẹ ń lọ bá. Bí bọ̀dá yín bá ní òun ń gbọ́ ohùn, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì purọ́ pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ. Ẹ bi í bóyá ó ń dẹ́rù bà á. Ẹ má sọ fún un pé kó dá oògùn dúró, bí pásítọ̀ yín bá tilẹ̀ ní kí ẹ sọ ọ́. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀.

Ti orí fóònù ńkọ́? Láti ọdún 2016 ni àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ ìlera ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní MANI ti ń yọ̀ǹda ara wọn láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́nà yìí, ẹ lọ kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ bá ọ̀rẹ́ yín dá ọjọ́, ẹ dá aago, kí ẹ sì pa á mọ́. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ó máa dáhùn lóru; ẹ máa sùn lọ́jọ́ kan, ọjọ́ yẹn gan-an ni yóò pè. Bó bá sì sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, tó ní kí ẹ má sọ fẹ́nì kan, ẹ sọ fún ará ilé àti dókítà lójú ẹsẹ̀, kó bínú bó ṣe fẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń múra àtijàpá, ẹ má rò pé n ò mọ̀. Bí físà bá jáde, ẹ má kàn pòórá. Ọ̀pọ̀ ẹbí ti pòórá mọ́ ọn lójú rí. Ẹ tètè sọ fún un, kí ẹ sì mú ẹni tí yóò gbapò yín wá nígbà tí ẹ ṣì wà nílé, kí ẹ fi í hàn án bí a ṣe ń fi àbúrò han ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá dé Kánádà, ẹ máa pè é. Ẹ bi í aago tó bá a lára mu, kí ẹ̀yin tí ẹ kéré máa jí dúró dè é.