Àròkọ Alálàyé: Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Ẹ̀yà Ara Ọkọ̀ Tí A Páàkì Síta Lọ́wọ́ Olè

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, bí o bá bá irú orí ọ̀rọ̀ yìí pàdé nínú ìdánwò, má ṣe jẹ́ kí ó dẹ́rù bà ọ́ nítorí pé bàbá rẹ kò ní ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ takisí láti Ọjà Ọba lọ sí Ọ̀kè-Àrò ní Àkúrẹ́ yóò ti rí ọkọ̀ tí dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti di ihò lásán. Ohun tí ó ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níhìn-ín ni pé wọ́n a máa sọ àròkọ alálàyé di ìwàásù. Nínú àwọn ìwé tí mo ti máàkì, ọ̀pọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: 'Olè jíjà kò dára.' Ta ni kò mọ̀? Ohun tí olùyẹ̀wò fẹ́ mọ̀ ni ohun tí olè ń jí, ìdí tí ó fi ń jí i, bí ó ṣe ń tú u, àti ohun tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ lè ṣe. Kí o tó kọ ìlapa èrò rẹ, kọ́kọ́ ro bí olè ṣe ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀nà ààbò yóò yọ jáde láti ibẹ̀. Wo àpẹẹrẹ yìí.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Kò dìgbà tí olè bá gbé odidi ọkọ̀ lọ kí ó tó dá ẹni tí ó ni ín lóró. Awakọ̀ takisí kan ní àdúgbò wa ní Àkúrẹ́ jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó bá ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí ó páàkì rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n iná iwájú méjèèjì ti lọ, bátìrì sì ti bá wọn lọ. Owó tí ó ti ń tù jọ láti fi san owó ìdánwò ọmọ rẹ̀ ni ó fi ra bátìrì. Iná kò ṣeé rà mọ́, nítorí náà kò lè ṣiṣẹ́ alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Má ṣe pe irú olè bẹ́ẹ̀ ní olè kékeré.

Kì í ṣe ohun tí ó wọ́n jù lára ọkọ̀ ni olè yìí ń wá. Ohun tí ọwọ́ lè tètè tú, tí ẹni tí yóò rà á kò sì ní béèrè ibi tí ó ti wá, ni ó ń fẹ́. Nígbà tí Peugeot ti Kàdúná àti Volkswagen ti Èkó ń kún títì lẹ́yìn 1975, wáípà àti ìdérí táyà ni àwọn èèyàn ń ṣọ́. Lónìí, dígí ẹ̀gbẹ́ ni. Ike pẹlẹbẹ kan ni ó di dígí náà mú lẹ́yìn. Bí olè bá ti ki nǹkan bọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó fà á, ó ti já. Bátìrì ńkọ́? Sípánà nọ́ńbà 10 kan ṣoṣo ni ó fi ń tú u lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti ṣí. Abẹ́ ọkọ̀ pàápàá kò gbẹ́yìn. Lára páìpù èéfín ni catalytic converter wà, tí ó ń dín oró èéfín kù. Irin olówó iyebíye bíi platinum, palladium àti rhodium wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e lọ níbí àti lókè òkun.

Ohun àkọ́kọ́ tí o lè ṣe kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Páàkì ọkọ̀ sí ibi tí iná àti ojú èèyàn wà. Bí ilé rẹ kò bá ní ọgbà, fi imú ọkọ̀ sún mọ́ ògiri tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò fi ní lè ṣí tán. Bí o bá lọ sí òde ìnáwó, níbi tí ọkọ̀ máa ń tò lọ rẹrẹ lẹ́bàá títì, má ṣe gbé tìrẹ sí ìkángun níbi tí òkùnkùn wà nítorí pé o fẹ́ tètè rí ọ̀nà jáde.

Lẹ́yìn èyí, mú kí iṣẹ́ olè náà falẹ̀. Wẹ́dà lè fi irin ṣe àgò fún bátìrì, kí o sì fi àgádágodo tì í. Ṣùgbọ́n kí ó fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀, nítorí pé bátìrì a máa tú afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná jáde. Nọ́ọ̀tì kan wà fún táyà tí ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹyọ kan lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó. Má ṣe gbàgbé kọ́kọ́rọ́ náà sílé o, nítorí bí táyà bá jò ní ọ̀nà Iléṣà, fọkanáísà kò ní rí nǹkan ṣe sí i. Àwọn kan a máa so wáyà iná mọ́ ara ọkọ̀ lóru. Má ṣe dán an wò láé! Ọmọ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ yí lọ sábẹ́ ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí a fín nọ́ńbà ọkọ̀ sára dígí àti iná rẹ̀. Kò dí olè lọ́wọ́ láti tú u, ṣùgbọ́n ó ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Èmi fúnra mi ti ra dígí ẹ̀gbẹ́ kan rí ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà tí mo délé tí mo nù ún, mo rí AKR níbi tí wọ́n ti ha nọ́ńbà kan tí kò parẹ́ tán. Ọkọ̀ ará Àkúrẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni wọ́n ti yọ ọ́. Mo gbé e padà. Ọkùnrin tí ó tà á fún mi dá owó mi padà láìjiyàn, ìyẹn gan-an ni ó sì fi yé mi pé ó mọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Òfin náà gbà bẹ́ẹ̀. Nínú Criminal Code tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà ń lò, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni abala 390 lànà fún olè jíjà lásán. Ṣùgbọ́n abala 427 sọ pé ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gba irú ẹrù olè bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin 2013 kan kò gbà kí oníṣòwò irin àlòkù fi owó ọwọ́ ra irin. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó tà á. Nítorí náà, béèrè rísíìtì kí o tó ra tòkunbọ̀. Bí ọwọ́ bá sì tẹ olè níbi tí ó ti ń tú ọkọ̀, ẹ fà á lé ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ ní 2020, lọ́wọ́. Ẹ má ṣe lù ú pa nítorí dígí.

ÀKÍYÈSÍ

Ṣé o rí i pé ìpínrọ̀ kejì ti sọ ìdí kí ìpínrọ̀ kẹta tó sọ ọ̀nà? Bí o bá yí i padà, ọ̀rọ̀ àgò bátìrì yóò dà bí àṣẹ lásán. Òwe kan ṣoṣo ni a lò, ó sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbi tí ó wà.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Kọ ìlapa èrò fún àròkọ lórí bí a ṣe lè dáàbò bo ọ̀kadà tí a gbé síwájú ọjà ní Yába, Oǹdó.

2. Kọ lẹ́tà sí alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò rẹ nípa iná títì tí kò tàn mọ́ níbi tí àwọn èèyàn ń páàkì ọkọ̀ sí.