Kí Ló Dé Tí Àwọn Ará Ìta Fi Máa Ń Bu Ẹnu Àtẹ́ Lu Ìjọ Àgùdà?

Ẹ̀kọ́ wa tòní kì í ṣe ti ìjà, kì í sì í ṣe ìwàásù. Èmi tí mo ń kọ ọ́ gan-an kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa ní sáà tó kọjá ló jẹ́ kí n mú kálàmù.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa pàdánù ìyá rẹ̀. Ará Kàbà ni màmá náà, ọjà Kuje níbí ló sì ti ń ta ẹ̀wà àti gààrí láti fi rán ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwé. Kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, wọ́n ṣe Mísà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan nílùú yìí. Àwa mẹ́rìnlá ni a lọ bá ọ̀rẹ́ wa kẹ́dùn. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, mẹ́fà nínú wa kò wọlé. A ní àwa kò lè wọ ibi tí ère bá wà. Abẹ́ igi máńgòrò ni a jókòó sí títí wọ́n fi parí. Èmi náà wà nínú àwọn mẹ́fà yìí. Nígbà tí ọmọ olóòkú jáde tó rí wa, ó dúpẹ́ pé a wá, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo pé: "Ṣé òkú màmá mi lẹ wá sin ni, àbí ère lẹ wá ṣọ́?" Kò sí ẹni tó rí èsì fọ̀ nínú wa.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bèèrè, tí mo sì ń kàwé. Mo rí i pé ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ̀sùn tí a máa ń fi kan ìjọ náà ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí á gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Èyí tó ti inú ìtàn wá

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ yẹn, Àgùdà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà, tí wọ́n gba òmìnira tí wọ́n sì padà sí Èkó, ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gba ìwẹ̀mímọ́ ní òkè òkun. Kí àlùfáà kankan tó wá bá wọn gbé, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí òun náà ti ṣe ẹrú rí ní erékùṣù São Tomé, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà. Ní ọdún 1863 ni Fádà Francesco Borghero wá wò wọ́n. Ní 1868, Fádà Pierre Bouche wá jókòó tì wọ́n. Èyí já sí pé ọwọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ti oko ẹrú bọ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti kọ́kọ́ dé Èkó.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti ṣáájú. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì àti CMS ti gúnlẹ̀ sí Badagry láti 1842, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti gba Èkó ní 1861. Láti ìgbà tí Ọba Henry Kẹjọ ti kúrò lábẹ́ Póòpù ní 1534 ni ìjà ti wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Róòmù. Àwọn míṣọ́nnárì gbé ìjà náà wá pẹ̀lú ẹrù wọn. Ọwọ́ wọn náà ni ìwé Yorùbá wà. Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó parí ní 1884, ni baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ ìwé kà. Ìwé mẹ́rìndínláàádọ́rin (66) ni àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kà sí Bíbélì. Mẹ́tàléláàádọ́rin (73) ni ti Kátólíìkì. Ẹni tó ń ka 66 yóò ní wọ́n fi kún un, ẹni tó ń ka 73 yóò ní wọ́n yọ nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún ni èdè. Títí di ìgbà Ìpàdé Ńlá Vatican Kejì, 1962 sí 1965, èdè Látìnì ni wọ́n fi ń ṣe Mísà. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà, orin tí kò gbọ́ ló ń gbọ́. Ohun tí a kò bá sì gbọ́ yé, ìfura ló máa ń bí. Àwọn àgbà ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní ń dá sílẹ̀.

2. Èyí tó ti ara ère wá

Èyí ni baba ẹ̀sùn. Ẹ má sì jẹ́ kí á pè é ní ìkórìíra lásán. Ní ilẹ̀ wa, ère àti ojúbọ kì í jìnnà síra wọn. Nígbà tí àwọn baba wa gba Jésù, wọ́n ní kí wọ́n kó ère jáde kí wọ́n dáná sun ún. Ẹni tó ti sun ère baba rẹ̀, tó tún wá rí ère nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé, "Èwo ni ti èyí?"

Ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun. Ní Kúbà, àwọn ẹrú Yorùbá fi Ṣàngó pamọ́ sẹ́yìn àwòrán Santa Bárbara, wọ́n fi Ọbalúayé sẹ́yìn San Lázaro. Ní Bùràsíìlì, wọ́n so Yemọja pọ̀ mọ́ Màríà. Kì í ṣe pé ìjọ ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ojú olówó wọn ni wọ́n ń sá fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yìí, á rọrùn fún un láti sọ pé òrìṣà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí á dé Ọyẹ́-Èkìtì. Ní 1947, Fádà Kevin Carroll àti Fádà Sean O'Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n pe àwọn agbẹ́gilére wa, wọ́n ní kí wọ́n fi ọgbọ́n ọwọ́ wọn gbẹ́ ìtàn inú Bíbélì. Bándélé, ọmọ Aréógun àgbà agbẹ́gilére nì, wà níbẹ̀. Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún náà wà níbẹ̀, Mùsùlùmí sì ni. Mùsùlùmí gbẹ́ ìtàn Jésù sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì bọ ohun tó gbẹ́. Igi kan náà, ọ̀bẹ kan náà. Ohun tí èèyàn ń ṣe níwájú igi náà àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń sọ igi náà di òrìṣà tàbí tí kì í jẹ́ kó dì í.

Ohun tí ìjọ náà fúnra rẹ̀ ń kọ́ni nìyí. Láti ìpàdé ńlá Nicaea ní ọdún 787 ni wọ́n ti pín in sí méjì: ìsìn jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan, ọ̀wọ̀ ni à ń fún àwòrán, ọ̀wọ̀ náà sì ń kọjá lọ bá ẹni tí àwòrán náà dúró fún. Àwa Yorùbá kọ́ ló yẹ kí èyí rú lójú. Èdè wa ti pín in: ọ̀tọ̀ ni kí á bọ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí á bọ̀wọ̀ fún un. À ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, à ń kúnlẹ̀ fún ìyá. Nínú ọgbà wa níbí, ẹ mélòó nínú yín ni àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ti fi ṣẹ̀sín pé àwọn Yorùbá ń bọ èèyàn? Ó dùn yín. Ẹ ní wọn kò mọ àṣà wa, wọn kò sì bi wá. Ohun tí àwọn wọ̀nyẹn ṣe sí wa ni èmi náà ṣe lábẹ́ igi máńgòrò yẹn.

Ṣùgbọ́n olùfisùn náà ní ibi tó dúró sí. Ọlọ́run ló ní kí Mósè rọ ejò idẹ (Númérì 21). Nígbà tó yá, àwọn èèyàn sọ ọ́ di òrìṣà, Ọba Hesekáyà sì fọ́ ọ túútúú (Àwọn Ọba Kejì 18:4). Ohun tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa lè wọ́. Bí ọmọ ìjọ kan bá gbàgbọ́ pé agbára wà nínú igi tàbí nínú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà gan-an, ẹ̀kọ́ ìjọ tirẹ̀ náà ló dá a lẹ́bi. Ìkìlọ̀ ará ìta ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóore.

3. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu èèyàn, àti ìyàtọ̀ tó jẹ́ òótọ́

Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń sọ, a kò kà á níbì kankan. A ní wọ́n gbà pé Póòpù kì í dẹ́ṣẹ̀. Rárá o. Ohun tí ìpàdé Vatican Kìíní sọ ní 1870 ni pé kò lè ṣìnà nígbà tó bá ń fi àṣẹ ipò rẹ̀ kéde ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tàbí ti ìwà fún gbogbo ìjọ. Póòpù náà ń lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún àlùfáà. A ní wọ́n fi Màríà ṣe Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdajì àkọ́kọ́ àdúrà tí wọ́n ń gbà sí i, inú Lúùkù orí kìíní ló ti wá. A ní wọn kò gbọdọ̀ pe àlùfáà ní Fádà nítorí Mátíù 23:9, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àgbàlagbà àdúgbò ni à ń pè ní Bàbá.

Àmọ́ gbogbo rẹ̀ kọ́ ni àìmọ̀. Àṣẹ Póòpù lórí gbogbo ìjọ, ibi ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú, bíbẹ àwọn ẹni mímọ́ pé kí wọ́n gbàdúrà fún wa, jíjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún àlùfáà: èèyàn lè kà nípa àwọn wọ̀nyí dé òpin, kó lóye wọn, kó sì ní òun kò gbà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Bí a bá sì jókòó sọ ọ́, ó ń lójú. Ọ̀rọ̀ bí Ọlọ́run ṣe ń dá ẹlẹ́ṣẹ̀ láre tí Martin Luther àti Róòmù fi pínyà lẹ́yìn 1517, ìjọ Luther àti ìjọ Kátólíìkì fọwọ́ sí ìwé ìfohùnṣọ̀kan lórí rẹ̀ ní 31 Oṣù Kẹwàá 1999.

4. Èyí tó jẹ́ ẹ̀bi gidi

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Àgùdà tí ẹ ń kà á, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Ẹ̀sùn kan wà tí kì í ṣe inúnibíni. Ní 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún fún ọba Pọtogí láṣẹ láti sọ àwọn tí kì í ṣe Kristẹni di ẹrú. Òótọ́ ni pé Póòpù Paul Kẹta ṣòfin ní 1537 pé kí wọ́n má ṣe sọ àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà di ẹrú, Gregory Kẹrìndínlógún sì bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú ní 1839. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni 1839? Àwọn èèyàn wa ti lọ. Ní ọdún 2023 ni Vatican tó kéde gbangba pé àwọn kọ èrò tí wọ́n gbé ka orí irú àwọn ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà tó ba ọmọdé jẹ́, tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ní Boston ló tú àṣírí ti ibẹ̀ ní 2002. Ní Oṣù Kejì 2019, Póòpù Francis pe àwọn olórí bíṣọ́ọ̀bù láti gbogbo ayé sí Róòmù lórí rẹ̀. Bí àwọn ará ìta kò bá pariwo, ta ni ì bá gbọ́? John Paul Kejì, tó wá ṣe Mísà ní Kubwa nítòsí wa níbí ní Oṣù Kẹta 1998, tọrọ àforíjì ní gbangba ní 12 Oṣù Kẹta 2000 fún ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ láti ẹ̀yìn wá. Bí Póòpù bá lè sọ pé a ṣẹ̀, kí ló dé tí ọmọ ìjọ yóò fi máa gbèjà ohun tí kò ṣeé gbè?

Kí ni kí á wá ṣe?

Ìkíní, bi ẹni tó ń ṣe é kí o tó dájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìkejì, má fi èyí tó dára jù nínú ìjọ tìrẹ díwọ̀n èyí tó burú jù nínú ìjọ ẹlòmíràn. Ìkẹta, mọ irú ẹ̀sùn tó wà lọ́wọ́ rẹ: ṣé ìtàn ni, àbí àìmọ̀, àbí ìyàtọ̀ ẹ̀kọ́, àbí ẹ̀ṣẹ̀ gidi? Oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìkẹrin, wíwọlé kì í ṣe ìsìn. Nígbà tí àwọn tó ni ilé bá kúnlẹ̀, ìwọ lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá ń gba Ara Olúwa, wọn kò retí rẹ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fipá mú ọ.

Ẹ rántí Kádínà John Onaiyekan, ọmọ Kàbà, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Abuja láti 1994 di 2019. Àwọn ìjọ tó kù gbà kó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ CAN láti 2007 sí 2010. Wọn kò di Kátólíìkì nítorí rẹ̀, òun náà kò fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe Mísà ìrántí fún màmá ọ̀rẹ́ wa, mo wọlé. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Wọ́n kúnlẹ̀, èmi jókòó. Mo ṣì jẹ́ Onítẹ̀bọmi títí dòní, àwọn ohun tí n kò gbà ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí a jáde, ọ̀rẹ́ wa gbé abọ́ ìrẹsì kan fún mi lábẹ́ igi máńgòrò kan náà. Ó ní, "Jókòó, kí o jẹun."

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin bíbọ nǹkan àti bíbọ̀wọ̀ fún un? Fi àṣà ìkíni wa ṣàlàyé.
2. Dárúkọ ẹ̀sùn kan tí o ti fi kan ìjọ mìíràn rí. Inú ọ̀nà mẹ́rin yìí, èwo ló bọ́ sí?
3. Kí ni ìtàn ejò idẹ kọ́ ẹni tó ń fisùn, kí ló sì kọ́ ẹni tí wọ́n fisùn kàn?