FÈRÈ TÍ AJÁ YÓÒ GBỌ́

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n ajá tí a kò kọ́, báwo ni yóò ṣe mọ fèrè?

Ní ọdún 1978, níbi àfihàn ajá Crufts ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ajá ń fo ìdènà bí olówó wọn ti ń darí wọn. Ẹ̀kọ́ déédéé ni ó bí i.

Máa fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ajá rẹ lójoojúmọ́. Bí ó bá dé, fún un ní ègé ẹran lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá pẹ́, má ṣe nà án. Yóò rò pé nítorí pé ó wá ni o fi nà án. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ń sáré bọ̀, ìpè yẹn lè gbà á là.

Ohun Ṣíṣe Lónìí: Pe ajá rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o sì yìn ín.