Nọ́ńbà NAFDAC kò lè lé eku: Ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń ṣe gààrí tà

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá àwọn tó ń ṣe oúnjẹ tà mu gidigidi. Ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ kéékèèké ló gbà pé bí nọ́ńbà NAFDAC bá ti wà lára ọ̀rá gààrí àwọn, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, láti ọdún 1993 ni òfin ti dá àjọ náà sílẹ̀ láti máa yẹ oúnjẹ àti oògùn wò, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í sùn sílé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọn kò sí níbẹ̀ ló pọ̀ jù, gààrí ọjọ́ wọ̀nyẹn náà sì ni oníbàárà ń jẹ.

Ní ìlú bíi Ìta-Ògbólú, tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti owó nìkan, ó kan ẹ̀mí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno òde òní. Eku ló ń gbé e kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá kan oúnjẹ lè kó o ran ènìyàn. Ìdí nìyí tí àjọ NCDC, tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, fi ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe sá oúnjẹ sí ìta gbangba, kí wọ́n sì kó o sínú ohun tó ní ìdérí.

Eku nìkan kọ́. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé sáyánáìdì nínú. Rírin ín, jíjẹ́ kó kan, fífún omi rẹ̀ dànù àti yíyan án ló ń dín májèlé náà kù. Ìlànà Codex tí wọ́n ń lò kárí ayé ní kí sáyánáìdì inú gààrí má kọjá mílígíráàmù 2 nínú kílò 1, kí omi inú rẹ̀ má sì kọjá ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ń kánjú ọjà tó fo ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, oníbàárà ló ń fi wewu.

Ká ní ọkọ̀ oníbàárà láti Àkúrẹ́ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí ọmọbìnrin tó ń di gààrí rí ìgbẹ́ eku nínú àpò kan. Bí wọ́n bá ti bú u rí nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì yọ nínú owó rẹ̀, ṣe ni yóò rán ẹnu àpò náà pa. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá máa ń dúpẹ́ ni, yóò pariwo. Òṣìṣẹ́ kan náà ni, ọ̀gá ló yàtọ̀. Àpò kan tó ṣòfò nílé sàn ju oníbàárà tó lọ láìsọ ìdí.

Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí ilé iṣẹ́ Pillsbury ní Amẹ́ríkà ń ṣe oúnjẹ fún àwọn tí àjọ NASA ń rán lọ sí òfúrufú, wọ́n rí i pé yíyẹ oúnjẹ wò lẹ́yìn tó ti parí kò tó, àfi kí wọ́n máa ṣọ́ ọ ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Èyí kò ju agbára ilé iṣẹ́ gààrí lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ máa fi ọṣẹ fọwọ́ níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí àbùkù láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n dí ihò eku, kí wọ́n sì to àpò sórí pákó, kó má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n máa kọ ọjọ́ tí wọ́n rin ẹ̀gẹ́, ọjọ́ tí wọ́n yan án àti ẹni tó rà á sínú ìwé, kí wọ́n lè gba gààrí náà padà bí wàhálà bá dé.

Ẹni tó ra gààrí ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, kò rí ọwọ́ tó yan án, ìgbẹ́kẹ̀lé ló fi ń rà á. Oníléeṣẹ́ tó bá ń ṣọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé yìí lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, kò ní í bẹ̀rù ọjọ́ tí àwọn NAFDAC bá kanlẹ̀kùn.