Eruku àti Òórùn ní Ilé-Iṣẹ́ Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn

Níbi tí wọ́n bá ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ, ẹja tàbí ẹlẹ́dẹ̀, ohun méjì ni aládùúgbò máa ń kọ́kọ́ mọ̀: eruku tó ń bà lé aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, àti òórùn tó ń bá atẹ́gùn wọ yàrá. Ẹni tó ni ẹ̀rọ sábà máa ń ka méjèèjì sí ohun tí iṣẹ́ náà kò lè ṣe kó má mú wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó sá kúrò nínú àpò ni eruku. Òórùn burúkú sì sábà máa ń jẹ́ àmì pé nǹkan kan ti ń bàjẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti ń jáde gan-an ló yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó náwó sórí ẹ̀rọ ńlá.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ìdá 1 nínú 100 bá fò lọ nínú tọ́ọ̀nù 10 tí ilé-iṣẹ́ kan lọ̀, kílò 100 ló lọ yẹn, ìyẹn àpò mẹ́rin oníkílò 25. Àdánù tó burú jù ú lọ wà nínú premix, àpòpọ̀ fítámì àti èròjà aṣaralóore. Kílò 2.5 péré ni wọ́n sábà ń fi sínú tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan, ó sì kúnná gan-an. Bí wọ́n bá tú u sẹ́nu ẹ̀rọ ìpòpọ̀ bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn á gbé lára rẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ á máa wò ó pé ẹyin ń dín kù, èèpo ẹyin sì ń rọ̀, láìmọ̀ pé ara ògiri ilé-iṣẹ́ ni fítámì tí òun rà lẹ̀ mọ́. Ohun tó dára ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi àgbàdo lílọ̀ bíi kílò 10 àti òróró díẹ̀ po premix náà nínú ọpọ́n, kí wọ́n tó dà á mọ́ ìyókù.

Eruku kì í ṣàdédé gbéra. Nígbà tí àgbàdo lílọ̀ bá ń já bọ́ láti òkè, ó ń wọ́ afẹ́fẹ́ mọ́ra bọ̀. Bó bá balẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á wá ọ̀nà jáde, á sì gbé ohun tó fúyẹ́ dání. Bí ibi tó ti ń já bọ́ bá ṣe ga tó ni eruku rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Ti ẹ̀rọ olóòlù tó ń lọ àgbàdo tún le jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé irin tó ń yí nínú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ fáànù pẹ̀lú: bó ti ń lọ̀ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò tàbí àgbá tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá dí gbogbo ojú àgbá náà pa, eruku á fipá gba ojú ihò jáde. Àpò aṣọ gígùn tó nípọn, tí wọ́n so mọ́ ojú kan lórí àgbá náà, máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ jáde kí eruku sì kù sínú. Òṣìṣẹ́ á máa gbọn aṣọ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ohun tó já bọ́ á sì padà sínú oúnjẹ. Owó rẹ̀ kò lè tó iye tí wọ́n fi ń ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré kò ní in.

Àwọn ibi mẹ́ta mìíràn tí eruku ti ń jáde kò le tó èyí. Níbi tí wọ́n ti ń tú àpò sẹ́nu ẹ̀rọ, kí wọ́n gbé ẹnu àpò sún mọ́ ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó tú u, dípò kí wọ́n gbé e sókè kí wọ́n sì yí i dà. Ẹ̀rọ ìpòpọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó bá a mu. Níbi ìdìpọ̀, kí wọ́n so aṣọ bí apá ẹ̀wù mọ́ ẹnu páìpù, kó gùn títí dé inú àpò.

Bí wọ́n ṣe lọ oúnjẹ náà kúnná tó tún wà níbẹ̀. Oúnjẹ adìyẹ ẹlẹ́yin kò gbọ́dọ̀ kúnná bí èlùbọ́. Adìyẹ fúnra rẹ̀ fẹ́ràn hóró tó ṣeé ṣà, ìyẹ̀fun inú ọpọ́n ló sì máa ń fi sílẹ̀. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ tóbi díẹ̀ sí i ń dín eruku kù, ó sì ń dín dísù tí ẹ̀rọ ń jó kù. Òróró bíi kílò 5 sí 10 nínú tọ́ọ̀nù kan máa ń so ìyẹ̀fun mọ́ra, ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á mọ́ agbára tí oúnjẹ náà ń fún ẹran. Omi kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má bàa gbéra ń pe bíbu àti òórùn wọlé ni.

Ara òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń san gbèsè eruku. Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, tẹ ìwé kan jáde ní 1700 lórí àìsàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń jọ ọkà tí wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n, bí eruku ṣe ń ba ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró àti ojú wọn jẹ́. Ohun tó wà nínú eruku náà ju ìyẹ̀fun lọ: ara kòkòrò tó ti kú, ìgbẹ́ eku, hóró olú wínníwínní, àti májèlé láti ara àwọn kòkòrò àìfojúrí. Èyí tó tóbi máa ń há sí imú. Èyí tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lè kọjá ọ̀fun, èyí tó sì kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ní àsímà kò yẹ níbi ìdìpọ̀ rárá.

Àwọn kan wà tí ara wọn máa ń gbóná ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ nínú eruku púpọ̀: òtútù, orí fífọ́, ikọ́, ara ríro. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ó ti lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibà ni ọ̀pọ̀ á pè é, wọ́n á lo oògùn ibà, oògùn náà ni wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bí “ibà” òṣìṣẹ́ kan bá ń dé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ àgbàdo tó bu, eruku ló yẹ kí wọ́n fura sí.

Ní Britain, ìlànà ìlera ibi iṣẹ́ kò fẹ́ kí eruku ọkà ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, bí wọ́n bá pín in káàkiri wákàtí iṣẹ́ 8. Yàrá tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò ti lè rí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kedere ti ré iye yẹn kọjá jìnnà. Aṣọ tàbí gèlè tí àwọn obìnrin tó ń dìpọ̀ fi ń bo imú kì í dá eruku tó kéré jù dúró. Ìbòmú N95 tàbí FFP2 ló tọ́, kó sì lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Irùngbọ̀n máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìbòmú kò sì gba ipò aṣọ tó yẹ kó wà lẹ́nu páìpù.

Eruku ọkà a tún máa bú gbàmù. Ní oṣù Kejìlá 1977, ilé ìkọ́kàsí ńlá kan ní Westwego, ní ìpínlẹ̀ Louisiana lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bú, ènìyàn 36 sì kú. Ohun tó ń fà á ni kí eruku tó pọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ ní ibi tó há, kí iná sì kàn án. Ìbúgbàmù àkọ́kọ́ sábà máa ń kéré, àmọ́ ó ń gbọn eruku tó ti jókòó fún oṣù lórí igi àjà àti orí wáyà sínú afẹ́fẹ́, ìkejì ló sì ń wó ilé. Nínú òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1987 fún ilé ọkà, eruku ilẹ̀ ibi tó léwu kò gbọ́dọ̀ nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ kí wọ́n tó gbá a. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó ní fèrèsé gbayawu kò léwu tó ilé gíga wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n inú àgbá, inú páìpù àti inú yàrá tí wọ́n sé pa léwu níbikíbi. Kí wọ́n má pe wẹ́dà wá jó irin nígbà tí ẹ̀rọ ń lọ tàbí tí eruku ṣì wà lára rẹ̀. Kí wọ́n de òòfà mọ́ ẹnu ẹ̀rọ olóòlù, kí ìṣó inú àgbàdo má bàa wọlé lọ ṣáná. Kí wọ́n máa fọwọ́ kan ibi tí irin ti ń yí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ: bó bá gbóná jù, ó ń béèrè gíríìsì.

Gbígbá ilẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Fífi atẹ́gùn kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku kúrò lára ògiri kàn ń gbé e láti ibì kan lọ síbòmíràn ni, èèyàn ló sì ń mí i sínú. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku ló dára jù. Bí kò bá sí, kí wọ́n fi ọwọ̀ gbá a jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́, láti òkè wá sílẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó bá ti ń lọ ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù lóòjọ́ lè wá ra sáíkílóònù, àgbá onírin tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Fáànù á fa afẹ́fẹ́ eléruku wọ inú rẹ̀, á máa yí po, eruku tó wúwo á gbá mọ́ ara irin, á sì já sísàlẹ̀. Àmọ́ èyí tó kúnná jù, tó sì jẹ́ òun gan-an ló ń dé ẹ̀dọ̀fóró, máa ń bá afẹ́fẹ́ jáde lókè. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi asẹ́ aláṣọ tẹ̀ lé e. Lásìkò òjò, aṣọ yẹn máa ń tutù, á sì dí. Kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní ti òórùn, oúnjẹ tuntun kì í rùn débi tí aládùúgbò á fi bínú. Ẹja lílọ̀ ni àkọ́kọ́: kẹ́míkà tó ń jẹ́ trimethylamine ló ń fún un ní òórùn rẹ̀, imú èèyàn sì ń gbọ́ ọ bó ti wù kó kéré tó. Èérí ìrẹsì ní òróró tó máa ń yára bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bó ìrẹsì. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ àti egungun lílọ̀ tí kò gbẹ tán a máa jẹrà. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù tí wọ́n kó jọ sẹ́yìnkùlé máa ń kan, òórùn rẹ̀ sì le púpọ̀. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, àti ti IITA, tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, ti fi hàn pé a lè rin èèpo yìí, kí a fún omi rẹ̀, kí a sì sá a gbẹ di oúnjẹ ẹran. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Òkìtì tó ń rùn tẹ́lẹ̀ á wá di ọjà.

Àgbàdo ni kí wọ́n ṣọ́ jù, nítorí òun ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ. Èyí tí wọ́n kórè nígbà òjò, ní oṣù Keje sí Kẹjọ, kì í sábà gbẹ tán. Bí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 13 nínú 100 lọ, inú àpò á gbóná, á bu, á sì máa rùn gbùn-ùn. Olú tó ń mú un bu lè mú aflatoxin jáde, májèlé tó di mímọ̀ lẹ́yìn tí tòlótòló tó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, nítorí ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tí wọ́n fi bọ́ wọn. Bí wọ́n bá lọ irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, májèlé yìí ń bá eruku wọ imú òṣìṣẹ́. Kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó tà á. Láti oko gan-an, àgbẹ̀ àgbàdo lè lo Aflasafe, olú aláìlóró tó ń gba ààyè mọ́ olú aflatoxin lọ́wọ́, tí IITA àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kílò 10 sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó.

Nínú ilé ìkẹ́rùsí, kí àpò wà lórí pákó, kó jìnnà sí ògiri, kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé sì kọ́kọ́ jáde. Kí ẹja lílọ̀ wà nínú ike tó dé pinpin. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo oògùn oníhóró tó ń tú gáàsì phosphine láti pa kòkòrò, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sùn tàbí ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí ní yàrá tó kángun sí i, títí wọn ó fi ṣí i kí afẹ́fẹ́ gbà á. Gáàsì yìí ń pani.

Ilé-iṣẹ́ tó ń fi ooru omi ṣe oúnjẹ ẹja oníhóró ní ìṣòro tirẹ̀: ooru tó ń jáde níbi ìtutù ń gbé òórùn lọ jìnnà. Lọ́fínńdà tí àwọn kan ń fọ́n sí i kàn ń fi òórùn kún òórùn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ibùsùn èérún igi tó dàpọ̀ mọ́ ajílẹ̀ jíjẹrà, tó jìn tó mítà kan, tí wọ́n fi páìpù oníhò darí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á jẹ òórùn náà. Kí afẹ́fẹ́ ti tutù tó ìwọ̀n 40 sẹ́ńtígíréèdì kó tó wọlé, kí èérún igi náà sì máa rin; lásìkò ọyẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ máa bomi rin ín lójoojúmọ́.

Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ìlànà. Ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, nítorí náà ilé tó wà ní àríwá ìlà-oòrùn ẹ̀rọ ló ń jìyà. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun, àríwá ìlà-oòrùn abúlé ni kó kọ́ ọ sí. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn á yí padà, ìdájí sì máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ débi tí èéfín àti òórùn á fi rọ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tó bá ń rùn, kí wọ́n fi sí ọ̀sán tí oòrùn ti mú afẹ́fẹ́ gbéra. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta ní gbogbo ìgbà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má kọjú sí ilé ìkẹ́rùsí tàbí fèrèsé ẹnikẹ́ni, nítorí gáàsì inú rẹ̀ tó ń pani kò lóòórùn.

NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lórí àyíká, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2007, àti àjọ àyíká ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti yẹ ilé-iṣẹ́ wò. Kí ẹ̀sùn tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìwé kékeré kan ló máa ń ran ẹni tó ni ẹ̀rọ lọ́wọ́ jù: ọjọ́, wákàtí, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, àti ohun tí aládùúgbò sọ. Bí ẹ̀sùn bá ń bọ́ sí ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹja lílọ̀ bá dé, ibi ìkẹ́rùsí ni kí wọ́n tún ṣe. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ àgbàdo ni, aṣọ ẹnu àgbá ti ya tàbí ó ti dí.