Lẹ́tà sí Àkànbí Lórí Owó Léèsì

Àkànbí ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní kí n yá ọ ní ₦150,000, kí o fi san owó léèsì àti owó ìdáwó ọdún ẹgbẹ́ yín ní Ìkẹjà. Mi ò ní yá ọ. Jọ̀ọ́, má tíì bínú. Ìyá rẹ ní òun ti pa òwe àgùntàn tó bá ajá rìn fún ọ títí, nítorí náà èmi ò ní pa á mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kì í ṣe ajá. Mo mọ méjì nínú wọn, òṣìṣẹ́ gidi ni wọ́n. Ohun tí ẹgbẹ́ yín ń yẹ̀ wò lára yín ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Kòkó ni bàbá àgbà rẹ fi rán èmi àti bàbá rẹ níléèwé. Ó máa ń sọ bí ọjà náà ṣe rí kí ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù tó dé. Kòkó tí kò gbẹ a máa wúwo lórí ìwọ̀n, nítorí náà àgbẹ̀ á sáré gbé tirẹ̀ lọ bá alágbàtà. Alágbàtà náà kò gọ̀. Owó kòkó burúkú ló fi ń ra gbogbo rẹ̀, àti tútù àti gbígbẹ. Ẹni tó fara balẹ̀ bo tirẹ̀, tó sì sá a dáadáa, ìyà ló fi ń jẹ ara rẹ̀. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ń kó àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta jọ, kí wọ́n máa ta kòkó tó dára pa pọ̀. Òfin ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù jáde ní 1935; ẹgbẹ́ oníkòkó Gbẹ́dùn, nítòsí Ìbàdàn, forúkọ sílẹ̀ ní 1937. Oko kò yí padà, igi kòkó kò yí padà. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́, bí àpò tìrẹ bá tutù, owó gbogbo yín ló máa já wálẹ̀, aládùúgbò rẹ sì wà níbẹ̀ tó ń ki ọwọ́ bọ inú àpò náà, tó ń fetí sí i bóyá kòkó náà dún. Bàbá wa ní àwọn ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá ń bẹ̀rù ọwọ́ yẹn.

Nígbà tí mo jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù níbi iṣẹ́, ẹni tó bá fẹ́ yáwó gbọ́dọ̀ mú onídùúró méjì wá. Bí kò bá san án, inú owó oṣù wọn la ó ti yọ ọ́. Ìbéèrè tí báńkì kò lè bi ọ́ ni onídùúró máa ń bi ọ́: kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ìyàwó rẹ mọ̀? Owó iléèwé àwọn ọmọ ńkọ́? Àmọ́ bí Disẹ́ńbà bá dé, tí owó aṣọ ẹbí bá délẹ̀, onídùúró á bu ọwọ́ lùwé láìbèèrè ohunkóhun, torí òun náà fẹ́ wọ̀ ọ́. Mo rí ẹni tó ṣì ń san gbèsè léèsì nígbà tí léèsì náà ti ṣá.

Èmi náà fẹ́ràn aṣọ. Bí mo bá rí àwọn regbéregbé, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, orí mi máa ń wú. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ yín, aṣọ kan náà ni ọlọ́jà ńlá àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ń rà, iye kan náà sì ni.

Mi ò ní kí o fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní 2022, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Raj Chetty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wo ìbáṣọ̀rẹ́ bílíọ̀nù 21 lórí Facebook. Wọ́n rí i pé níbi tí olówó àti tálákà ti ń bára wọn ṣọ̀rẹ́, ọmọ tálákà tó dàgbà níbẹ̀ sábà máa ń rówó ju ọmọ tálákà tó dàgbà níbòmíràn lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń kó ojú fóònù wọlé láti Ṣáínà, ṣé o ti bi í rí iye tó ń rà á? Ọwọ́ alágbàtà ni ìwọ ṣì ti ń ra ti ṣọ́ọ̀bù rẹ! Ọdún mélòó lẹ ti jọ ń jó?

Nítorí náà, mú ẹni mẹ́sàn-án tí o mọ ṣọ́ọ̀bù wọn nínú ẹgbẹ́ náà, kí ẹ dá èsúsú. ₦20,000 lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn á kó ₦200,000. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o lè fẹ́ sá lọ, àmọ́ ibo ló fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbà? Kí ẹni tó bá kó sọ ohun tó fẹ́ fi rà, kí ẹ sì lọ fojú rí i.

Bí ẹ kò bá pé mẹ́wàá, ẹ kọ orúkọ tèmi sí i. Ẹ fi mí sí ìparí pátápátá. Mi ò kánjú. Bí o bá ti kó tìrẹ tán tí o kò dá mọ́, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ni màá kọ́kọ́ lọ.

Kí ìyàwó rẹ fún mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ